Mo Pe Fọ́tò Ara Mi Lẹ́jọ́

Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kí n tó ṣí àwọn fọ́tò tí mo yà ní ọjà ẹja Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Fọ́tò tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ yà, ariwo ọjà àti ẹ̀rín àwọn tó wà níbẹ̀ ló ṣì ń bá a dùn. Bó bá ti tutù tán, ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an lojú máa rí.

Ìbéèrè kan náà ni mo bi gbogbo wọn: kí lojú mi kọ́kọ́ bà lé? Omi ọ̀sà ni, lẹ́yìn àwọn ìyá ẹlẹ́ja, níbi tí oòrùn ti ń ta yànyàn. Àwọn ìyá fúnra wọn wà lábẹ́ páànù, nínú òjìji. Kámẹ́rà a máa wọn ìmọ́lẹ̀ gbogbo fọ́tò pọ̀. Bí ẹ̀yìn bá mọ́lẹ̀ jù, á dín gbogbo rẹ̀ kù, ojú èèyàn á di èédú. Kò sí lẹ́ńsì olówó ńlá tó máa tún ìyẹn ṣe.

Mo padà lọ, bí ojú wọn ṣe máa hàn nìkan ni mo lọ fi kọ́ra. Bí fọ́tò bá gé orí ẹnì kan, kó gé. Mo yí kámẹ́rà sí spot metering kó máa wọn ibi kékeré péré, mo dojú rẹ̀ kọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí mo ń yà. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà fẹ́ sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ dúdú di àwọ̀ eérú, àwọn ìyá wa wá pọ́n bí òyìnbó. Mo dín exposure compensation, ìyẹn ibi tí a ti ń sọ fún kámẹ́rà pé kó fi ìmọ́lẹ̀ kún tàbí kó dín in kù, sí -1, àwọ̀ wọn padà.

“Ọmọ mi, fọ́tò kan náà lo tún wá yà?” Màmá tó ń ta òbòkún ló bi mí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“O ò ní ra ẹja ni?”

Mo rà á. Ta ló máa sọ pé òun ò rà?

Ojú dára wàyí, àmọ́ ọ̀sà ẹ̀yìn ti funfun láúláú. Ẹsẹ̀ ló yanjú ìyẹn: mo rìn yí Màmá ká títí ògiri pákó fi bọ́ sẹ́yìn rẹ̀ dípò omi, ìmọ́lẹ̀ ojú àti ti ẹ̀yìn wá súnmọ́ra.

Ọwọ́ tó ń ha ìpẹ́ ẹpìyà ni mo ń lé báyìí. Shutter speed, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí ojú tó sì ń pa á dé, ní 1/250 ìṣẹ́jú àáyá kò mú un, ọ̀bẹ ń fà bí èéfín, nítorí náà 1/500 ni mo wà.