Bí A Ṣe Ń Sọ Abẹ́rẹ́ Di Òòfà

Ẹ wá òòfà ẹ̀yìn sípíkà tó ti bàjẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní Mushin, kí ẹ sì fi ojú rẹ̀ kan ṣoṣo ra abẹ́rẹ́ ìránṣọ láti ìdí dé ẹnu, nígbà 40, kí ẹ máa gbé òòfà náà sókè kí ẹ tó padà sí ìdí, nítorí àfàsẹ́yìn ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Àwọn agbègbè kéékèèké inú irin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ òòfà, ti kọjú sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ́lẹ̀. Ríra yìí ló mú púpọ̀ nínú wọn kọjú síbì kan náà. Bàbà kò ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí a kò fi lè sọ ọ́ di òòfà báyìí.

Ẹ gbé abẹ́rẹ́ náà lé ewé tó léfòó lórí omi: yóò nà láti àríwá sí gúúsù. Ẹ má fi í sínú iná, kí agbára òòfà rẹ̀ má baà lọ.