Bí a ṣe mú ètò adójútòfò ìlera fún ìdílé wa l'Ádó-Èkìtì

Aránṣọ ni mí, gbẹ́nàgbẹ́nà lọkọ mi. Kò sí ọ̀gá tó ń yọ owó adójútòfò lára owó oṣù wa, bẹ́ẹ̀ òfin ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Ọmọ méjì la ní, ìkẹta sì wà nínú mi.

Iye owó ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Èmi fi ilé ìwòsàn ṣáájú. Ilé ìwòsàn kan lèèyàn ń yàn fún ìtọ́jú àkọ́kọ́; ibẹ̀ ni ètò adójútòfò ń san owó sí lórí rẹ lóṣooṣù, bóo ṣàìsàn bóo ò ṣàìsàn. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ, ilé ìwòsàn yẹn ni yóò bá ọ gba kóòdù, ìyẹn nọ́ḿbà àṣẹ, lọ́wọ́ ètò adójútòfò kóo tó kọjá sí ilé ìwòsàn ńlá, irú èyí tí ìjọba àpapọ̀ ní ní Ìdó-Èkìtì. Nítorí náà, mo lọ wo àwọn tó sún mọ́ wa ní Bàṣìrì, alẹ́ ni mo sì lọ, torí òru lara ọmọ sábà máa ń gbóná. Ọ̀kan ti ti ilẹ̀kùn pa. Ní èkejì, nọ́ọ̀sì gbé tọ́ọ̀ṣì, ó ṣí fìríìjì oògùn fún mi wò, ó ní, "Màmá, ẹ̀yìnkùlé níbí ni dókítà ń sùn." Ibẹ̀ la mú.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ka ohun tí ètò kọ̀ọ̀kan kì í san. Ọ̀kan ń fúnni ní awò ojú, ṣùgbọ́n kò gba ẹni tó ti lóyún kó tó forúkọ sílẹ̀. Kí laboyún fẹ́ fi awò ojú ṣe? Mo bi aṣojú ètò kejì pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá di iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ ńkọ́? Bọ́mọ ò bá gbó tó, ta ni yóò san owó ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀?" Ó ṣí ìwé, ó fi ìka tọ́ka sí i fún mi: méjèèjì wà níbẹ̀. Ìdá mẹ́wàá owó oògùn nìkan ni yóò kù sí wa lọ́rùn. Ètò náà gba ọkọ, ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Òun la mú.

Fótò àti nọ́ḿbà NIN ni wọ́n gbà. Owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà kì í rọrùn fún oníṣẹ́ ọwọ́, àjọ la fi kó o jọ. Alájọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ti ọdún tó ń bọ̀.