Bí Mo Ṣe Ṣe Ọ̀pá Tí Àbúrò Mi Fi Ń Kọ́ Ìrìn Nílé

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó iṣẹ́ kan ṣoṣo, ó sì ń dùn mí títí di òní. Àbúrò mi fi orí gbálẹ̀ nígbà tí ọ̀kadà gbé e ṣubú níbí ní Òṣogbo. Ọpọlọ rẹ̀ fara pa, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò sì lágbára mọ́. Owó ọkọ̀ lọ sí ọsibítù ń ga sí i, ni onífisió, ẹni tó ń kọ́ ọ láti tún máa lo apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, bá ní ká ri ọ̀pá méjì tó nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn mọ́ àgbàlá wa ní Òkè-Baálẹ̀, kó lè máa rìn láàárín wọn lójoojúmọ́.

Páìpù kò ṣòroó rà: ínǹṣì 1½ ní fífẹ̀ kó lè gbà lọ́wọ́, ẹsẹ̀ bàtà 10 ní gígùn.

Gíga rẹ̀ ló dá mi lóró. Wẹ́dà wo àwòrán lórí fóònù mi, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n, ó gé e sí ínǹṣì 40, ó jó o pọ̀. Kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa lò ó rárá! Nígbà tí àbúrò mi dì í mú, èjìká rẹ̀ gbé sókè, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ká jù, kò sì rí agbára fi ti ara rẹ̀ ró. Kò pẹ́ tí èjìká ọ̀tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. A gé e, ó tún wá kúrù jù, torí pé ẹsẹ̀ lásán la fi wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ bàtà tó fi ń rìn nípọn tó ínǹṣì kan. Ni ó bá ń tẹ̀ síwájú, tó ń wolẹ̀ ṣáá.

Bí ó ṣe yẹ ká wọ̀n ọ́n rèé. Kó wọ bàtà tó máa fi rìn, kó dúró, kó ju apá sílẹ̀. Láti ilẹ̀ dé oríkèé ọrùn-ọwọ́ ni gíga ọ̀pá. Tó bá dì í mú, ìgbọ̀nwọ́ á ká díẹ̀, bíi dígírì 15 sí 30. Ẹni tí kò lè dúró ṣánṣán, kó wọ bàtà náà, kó sùn gbalaja, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti gìgísẹ̀ bàtà. Ní ti àlàfo àárín ọ̀pá méjèèjì, ẹ wọn ìbàdí rẹ̀, kí ẹ fi ínǹṣì 2 kún un lápá kọ̀ọ̀kan. Tiwa fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà; tó bá ti yà sápá ọ̀tún, ọwọ́ òsì tó gbójú lé kì í tó ọ̀pá mọ́.

Ohun tí ǹ bá ti ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ni kí páìpù tínrín wọ inú èyí tó tóbi níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n lu ihò sí i ní ínǹṣì kọ̀ọ̀kan, kí bóòtù gbé e dúró. Bẹ́ẹ̀ la ṣe tún un ṣe, sípánà nìkan la sì fi ń gbé e sókè sódò báyìí.

Ẹsẹ̀ ọ̀pá náà wọlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, nínú kọnkéré símẹ́ǹtì 1, iyanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4. Wọ́n ní ọjọ́ kejì ti tó fún kọnkéré náà láti le. Mo yarí, mo fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 7.

Oòrùn ọ̀sán máa ń mú irin gbóná, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì mọ ìgbà tí nǹkan ń jó o. A fi fáìlì ha gbogbo ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀, mo wá fi tíúbù kẹ̀kẹ́ àlòkù wé ọ̀pá náà látòkè délẹ̀.

Ìṣẹ́jú 5 péré ló ń rìn kó tó sinmi, torí pé ọpọlọ tó fara pa máa ń rẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa sọ̀rọ̀, gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kan. Tí èèyàn mẹ́ta bá ń pàṣẹ, á dúró gbagidi. Apá ọ̀tún ni mo máa ń dúró sí, bẹ́líìtì ìbàdí rẹ̀ ni mo sì ń dì mú. Ẹ má fa apá tí kò lágbára láé, èjìká lè yẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ọ kíkankíkan, tó ń bì, tó ń sùn tí kò ṣeé jí, tàbí tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n gìrìgìrì, ọsibítù ni, kì í ṣe ọ̀pá.

Lánàá ó lọ, ó bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹfà, láìjẹ́ pé mo dì í mú. Páìpù tí wọ́n gé dànù ṣì wà lẹ́yìnkùlé, kò tíì sẹ́ni tó fẹ́ rà á.