Kí Katakata Tó Wọ Ilẹ̀: Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Kọ́lé n'Ífẹ̀

Lọ́dún 1938, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, ni wọ́n bá kan orí idẹ. Kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀kan nínú wọn ṣì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù dòní. A mọ ojú àwọn orí náà dáadáa, ṣùgbọ́n ta ló mọ bí wọ́n ṣe tò wọ́n sínú ilẹ̀? Kò sí awalẹ̀pìtàn, ìyẹn ẹni tó ń walẹ̀ láti mọ ìtàn àwọn ará ìgbàanì, níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn: ká dúró dìgbà tí nǹkan bá jáde ká tó ránṣẹ́ pe awalẹ̀pìtàn. Ní Ìta Yemòó lọ́dún 1957, àwọn tó ń tẹ́ ilẹ̀ fún ilé kíkọ́ náà ló kọ́kọ́ kan ère idẹ. Ibẹ̀ tiẹ̀ sàn díẹ̀, nítorí Frank Willett, awalẹ̀pìtàn ará Gẹ̀ẹ́sì, padà wá walẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí katakata ha òkè ilẹ̀ "ká kàn wò ó". Ilẹ̀ tí àwọn ará ìgbàanì fi àpáàdì tẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ jìn. Níbòmíì, òjò ló máa ń wẹ̀ ẹ́ síta. Lébìrà á ní àfọ́kù ìkòkò ni, á fi ṣọ́bìrì kó o dànù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Bí àpáàdì bá dúró lórí ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n fún mọ́ra, tí wọ́n dà bí eegun ẹja, ọwọ́ èèyàn ló tò ó.

Ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ nìkan gbọ́. Ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ á ní igbó lásán ni. Ẹ bi àwọn àgbà pé kí ni wọ́n ń pe ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní Igbó Olókun n'Ífẹ̀, ọjọ́ pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń wa ìlẹ̀kẹ̀ tà. Awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babalọlá wá gbẹ́ ìwọ̀nba kòtò níbẹ̀, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Àwọn àfọ́kù tí àwọn oníṣòwò ò kà sí yìí wà lára ohun tó jẹ́ ká mọ̀ pé Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe gíláàsì.

Bí ẹ bá rí nǹkan, ẹ má yọ ọ́, ẹ má sì fọ̀ ọ́. Èédú inú yẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa fi mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà, kẹ́ ẹ sì ránṣẹ́ sí mùsíọ̀mù. Òfin mùsíọ̀mù ti ọdún 1979 ní ká fi tó wọn létí.

Àwọn mìíràn á pe awalẹ̀pìtàn lóòótọ́, wọ́n á ní kó rìn yíká lẹ́ẹ̀kan kó fọwọ́ síwèé. Kí ló fẹ́ rí lábẹ́ koríko? Ẹ jẹ́ kó gbẹ́ kòtò ìdánwò kéékèèké káàkiri, kí ayàwòrán ilé tó parí iṣẹ́ rẹ̀. Lórí pépà, ìrésà tí wọ́n fi ń pa ìlà rẹ́ ló ń ṣí sọkawéè, kòtò omi ìdọ̀tí, kúrò níbì kan síbòmíì.