Kí oníbàárà fi nọ́ńbà yín pamọ́ kí ẹ tó fi broadcast ránṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà lórí WhatsApp, kí ẹ tó fi ọjà tuntun ránṣẹ́ lórí broadcast (ìyẹn ọ̀rọ̀ kan náà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà), ẹ rí i pé oníbàárà ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀. Ẹni tí kò bá fi í pamọ́ kò ní rí broadcast yín rárá, WhatsApp kò sì ní ta yín lólobó. Dátà yín á ti lọ, ọjà ò sì ní tà. Ẹ kọ́kọ́ fi nọ́ńbà ìtajà yín pamọ́ sórí fóònù tiyín pẹ̀lú orúkọ ọjà, bíi “Ìyá Aláṣọ Òfì”. Bí oníbàárà bá ti sanwó tán, tí inú rẹ̀ ṣì ń dùn sí yín, ẹ lọ sí Contact lórí WhatsApp, kí ẹ fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí i. Títẹ̀ ni yóò kàn tẹ̀ ẹ́ láti fi í pamọ́. Bí ẹ bá ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà náà, yóò gbàgbé ni. Lẹ́yìn tí broadcast bá ti lọ, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ náà mọ́lẹ̀ pẹ́, kí ẹ wo Info: ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá yọ níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ bá a sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Àmọ́ o, èèyàn 256 péré ni broadcast kan ń gbà. Bí oníbàárà bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pín wọn gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n ń rà. Ẹni tó ń ra bàtà, tí ẹ ń fi ìpara dà láàmú, yóò dí yín pa (block).