Kí Ni Wọ́n Ń Kà? Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Ra Sọ́fítíwíà Tí Ń Dá Iṣẹ́ Ṣe

Kí owó oníbàárà ṣáà ti wọlé, kí orúkọ rẹ̀ bọ́ sínú Google Sheets, kí rísíìtì lọ sí ímeèlì rẹ̀, kí ẹni tó ń gbé ọjà gbọ́, kí nọ́ńbà rẹ̀ sì wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré ń fẹ́ kí àwọn sọ́fítíwíà tí ń dá iṣẹ́ ṣe, bíi Zapier, Make tàbí n8n, máa bá àwọn ṣe nìyẹn, ó sì dára. Bí wọ́n ṣe ń yan èyí tí wọ́n máa rà ló ń kó wọn sí wàhálà.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí èèyàn kàn fi iye tí wọ́n ń gbà lóṣù wéra, láìbéèrè ohun tí wọ́n ń kà láti fi mọ iye tí wọ́n máa gbà. Zapier ń ka gbogbo ìgbésẹ̀ tó bá gbé lẹ́yìn tí owó wọlé. Make ń ka ìwọ̀nyẹn, ó sì ń ka èyí tó fi mọ̀ pé owó ti wọlé mọ́ ọn. Lórí n8n, odindi iṣẹ́ náà látòkèdélẹ̀, ẹyọ kan ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó: tí èèyàn 20 bá ń rajà lọ́wọ́ yín lóòjọ́, 600 ni lóṣù. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin tí mo kà lókè yẹn á di 2,400 lọ́dọ̀ Zapier, 3,000 lọ́dọ̀ Make, 600 péré lọ́dọ̀ n8n.

Tí ẹ bá tún ní kí Make máa yẹ Sheets wò ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìgbà 96 ni lóòjọ́, ó sì ń kà á bí kò tilẹ̀ rí nǹkan kan níbẹ̀. Níbi tó bá ti ṣeé ṣe, webhook ni kí ẹ lò, ìyẹn ni pé kí ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́ sí sọ́fítíwíà náà, dípò kó máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò: Paystack tí ń bá èèyàn gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí àpẹẹrẹ, lè ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí owó bá wọlé.

Ẹ má sì fi náírà òní ṣètò owó ọdún kan, torí owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ń díye lé wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500.

Òótọ́ ni pé n8n ṣeé gbé sórí séfà ara ẹni lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n séfà ń gba owó, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa tọ́jú rẹ̀. Tí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ fi sílẹ̀.

Ọ̀gá ló máa ń wo fídíò ìpolówó sọ́fítíwíà náà tó sì ń rà á, akọ̀wé ni yóò máa lò ó. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé yẹn fọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò kí owó tó jáde. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ yí orúkọ òpó kan padà nínú Sheets, kí ẹ wò ó bóyá ìkìlọ̀ á dé, bóyá akọ̀wé á sì rí ibi tó ti bàjẹ́. Sọ́fítíwíà tí akọ̀wé kò bá lè rí àṣìṣe inú rẹ̀, ẹ má rà á, bó ti wù kó dínwó tó. Ẹ má sì gbà kí ọmọ tó bá yín tò ó fi ímeèlì tirẹ̀ ṣí i. Ti ilé-iṣẹ́ ni kí ó lò, kí èèyàn méjì ó kéré tán sì lè wọ ibẹ̀.