Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ohun Tí Ẹranko Ìsàlẹ̀ Òkun Ń Jẹ

Àwọn ọkọ̀ ìwádìí bíi Okeanos Explorer ti ìjọba Amẹ́ríkà máa ń sọ rọ́bọ́ọ̀tì oníkámẹ́rà sí ìsàlẹ̀ òkun, wọ́n sì ń fi ohun tó ń rí hàn lójú ẹsẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá jókòó tì í, ẹ ó rí oríṣiríṣi ẹ̀dá nínú òkùnkùn tí ewéko kankan kò hù. Kí ni wọ́n wá ń jẹ?

Ìjìnlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò; iye rẹ̀ sábà máa ń wà lójú àwòrán. Tó bá ti kọjá 200 mítà, oòrùn kò tó gbọ́ bùkátà ewéko mọ́. Tó bá kọjá 1,000 mítà, kò sí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rárá. Òkè ni oúnjẹ ti sábà máa ń já bọ́ nìyẹn. Àwọn nǹkan funfun wínníwínní tí ẹ ń rí níwájú iná rọ́bọ́ọ̀tì ni oúnjẹ náà: òkú ohun abẹ̀mí kéékèèké, ìgbẹ́ edé, àti pàǹtírí mìíràn. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó balẹ̀, àwọn tó wà lójú ọ̀nà á sì ti jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí ẹranko náà ṣe dúró. Èmi gbà pé ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní tripod fish, tó ń fi lẹ́bẹ́ mẹ́ta gígùn dúró lórí ẹrẹ̀, tó kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀. Kì í lé nǹkan kan. Ojú rẹ̀ kéré, lẹ́bẹ́ tó nà síta ló fi ń mọ̀ pé omi ti gbé edé kékeré kan dé. Ẹni tó kọjú sí omi ń retí ohun tí omi ń gbé bọ̀. Ẹni tó dorí kodò ń jẹ ilẹ̀. Sea cucumber, ẹranko rọ̀bọ̀tọ̀ kan tó rí bí apálá, wà lára àwọn tó ń jẹ ilẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí ìgbẹ́ rẹ̀ tó lọ́ wérewère lórí ẹrẹ̀: ó ti yọ oúnjẹ inú ẹrẹ̀ náà, ó sì da ìyókù nù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún kànrìnkàn òkun. Púpọ̀ nínú wọn ń sẹ́ omi jẹ ni, àmọ́ Chondrocladia lyra, tí wọ́n ṣàpèjúwe ní 2012, ń fi ìkọ́ tíntìntín mú ẹran jẹ!

Bí ẹranko bá pọ̀ lójú kan, ẹ wá òkú. Ní 1987, àwọn onímọ̀ rí egungun àbùùbùtán ní ìsàlẹ̀ òkun California. Ẹja ekurá àti hagfish, ẹja kan tó gùn bí ejò, ló máa ń kọ́kọ́ jẹ ẹran ara irú òkú bẹ́ẹ̀. Tó bá ku egungun, aràn Osedax, tí wọ́n rí ní 2002, á ta gbòǹgbò wọ inú rẹ̀. Kò lẹ́nu, kò sì ní ìfun. Nítòsí tiwa, rọ́bọ́ọ̀tì àwọn ilé iṣẹ́ epo ti rí òkú whale shark, ẹja ekurá ńlá kan, ní ìsàlẹ̀ òkun Angola.

Bí ẹ bá rí aràn tí kò lẹ́nu níbi tí kò sí òkú, gáàsì ló kù kí ẹ fura sí. Nítòsí erékùṣù Galápagos ní òkun Pàsífíìkì ní 1977, wọ́n rí aràn Riftia lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi gbígbóná tó ń tú jáde láti inú ilẹ̀. Ìyẹ́ pupa orí rẹ̀ ń fa gáàsì hydrogen sulphide tó wà nínú omi náà, bakitéríà inú ara rẹ̀ sì ń fi ṣe oúnjẹ fún un. Irú ìgbé ayé báyìí wà ní Regab, níwájú etíkun Congo, níbi tí gáàsì ti ń yọ́ jáde ní ìjìnlẹ̀ tó lé ní 3,000 mítà.

Ohun tí ojú kò bá lè rí, yàrá ìwádìí ló kù. Yíya ikùn ẹja wò kì í fìgbà gbogbo ṣiṣẹ́: bí wọ́n bá ṣe ń fà á sókè, afẹ́fẹ́ inú àpò rẹ̀ á máa wú, á sì ti ikùn rẹ̀ gba ẹnu jáde, toun ti oúnjẹ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wọn nitrogen-15, irú nitrogen kan tó wúwo ju ti gidi lọ, nínú ẹran ara, nítorí ó máa ń pọ̀ sí i láti ara ẹni tí wọ́n jẹ sí ara ẹni tó jẹ ẹ́.

Bí ẹ bá wo ẹranko kan títí tí kò jẹ nǹkan kan, ẹ má sọ pé ó ń ṣàìsàn. Isopod ńlá kan, ẹranko ìsàlẹ̀ òkun tó jẹ́ ìbátan edé, ní ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja fún ìwòran ní Toba ní Japan, kò fẹnu kan oúnjẹ fún ọdún 5 kó tó kú ní 2014.